Ọmọ tó dé oko baba ẹlòmíràn: ohun tí òkè òkun ń ṣe sí ojú tí àwọn ọmọ wa fi ń wo ilé

Lálẹ́, ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ẹkún àti àdúrà kì í tán níwájú ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbà wọlé. Bàbá á gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, ìyá á máa fi etí gèlè nu ojú, àbúrò á máa bá wọn ti ẹrù. Àdúrà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, pé kí Ọlọ́run mú un lọ láyọ̀, kí ó sì mú un bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òbí kì í sábà rò lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sìn dé ibẹ̀ yìí, bí ó bá tilẹ̀ padà wá ní àlàáfíà, ojú tí ó gbé lọ kọ́ ni yóò gbé bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lẹ́yìn odi á ti rí i. Ọmọ tí kì í sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ bí iná bá lọ, bí ó bá lo ọdún mẹ́ta ní ìlú ọba, tí ó wá kí ilé nígbà Kérésìmesì tàbí Iléyá, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí iná fi lọ. Bí wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí sí aago mẹ́wàá, tí àwọn èèyàn sì ń yọ dé lọ́kọ̀ọ̀kan ní aago méjìlá, inú á máa bí i. Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, tí awakọ̀ sì na owó sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè kankan, ọmọ náà á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bá wọn fa ọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé á wojú ara wọn, wọ́n á ní òyìnbó ti yí i lórí.

Ọmọ yìí kan náà ni ó tún ń béèrè oríkì rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà, tí ó ń fi fóònù gba ohùn ìyá náà sílẹ̀. Òun ni ó ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àwọn tí kò kí dáadáa rí nígbà tí ó wà nílé. Òun ni ó ń di ẹ̀gúsí, èlùbọ́ àti irú sínú àpótí bí ẹni tí ń di wúrà. Òkè òkun kan náà ló kọ́ ọ ní méjèèjì. Ó kọ́ ọ láti kọ ohun tí ó ti ń gbà mọ́ra tẹ́lẹ̀ nínú ilé, ó sì kọ́ ọ láti fẹ́ràn ohun tí kò kà sí rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Òwe méjì ni àwọn baba wa pa sí i, àwọn òwe náà sì dojú kọ ara wọn. Èkíní ní, ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò rìn kò lè mọ ibi tí tirẹ̀ kù sí. Èkejì ní, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó ti kúrò nílé pẹ́ lè máa wo ilé, kí ó má rí ohun tó wà níbẹ̀. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi ń gbé.

ÀRÍYÀNJIYÀN ỌDÚN 2024

Ní ìparí ọdún 2024, ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń jiyàn lé lórí. Kẹ́mi Badenoch, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London ní ọdún 1980, tí ó dàgbà ní Èkó, tí ó sì padà sí ìlú ọba nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ni ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative yàn gẹ́gẹ́ bí olórí wọn ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú àwọn ará ibẹ̀, ó máa ń mẹ́nu ba ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Nàìjíríà nígbà èwe, bí iná kò ṣe sí, bí omi kò ṣe sí, bí ẹ̀rù olè ṣe ń ba èèyàn, àti bí àwọn olóṣèlú ṣe ń kówó jẹ.

Ní oṣù kejìlá, Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, dá a lóhùn ní Àbújá. Ó ní inú àwọn dùn sí ipò tí ó dé, ṣùgbọ́n ó ń tàbùkù orílẹ̀-èdè tí ó ti ṣẹ̀ wá, àti pé bí ó bá wù ú, ó lè yọ Kẹ́mi kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Agbẹnusọ Badenoch fèsì pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá òun láti máa polówó Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn kan ní London pé Yorùbá ni òun ka ara òun sí ju ọmọ Nàìjíríà lọ.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ náà pín àwọn èèyàn sí méjì. Àwọn kan ní kí ni irọ́ nínú ohun tó sọ, àbí iná wà? Àwọn mìíràn ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, pàápàá lójú àlejò. Ìhà méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n dì mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ náà ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024. Ó ti tó 200 ọdún tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń wà ní òkèèrè, tí wọ́n ń yíjú padà wo ilé. Orúkọ Yorùbá tí Badenoch ní òun ń jẹ́ yẹn gan-an, òkè òkun ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í di orúkọ gbogbo wa. Ìlú kan ṣoṣo, Abẹ́òkúta, sì ní ìtàn tó pọ̀ tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ.

FREETOWN NI WỌ́N TI MỌ̀ PÉ ỌMỌ ÌYÁ NI WỌ́N

Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15, wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ìlú ọba gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ibi tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró.

Nígbà tí Àjàyí wà nílé, kò sí ẹni tó ń pe gbogbo wa pọ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń bá ara wọn jagun. Irú ogun bẹ́ẹ̀ ló kó ọ̀pọ̀ wọn dé ọjà ẹrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bára wọn ní Freetown, láàárín àwọn èèyàn tí wọ́n kó wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfríkà, wọ́n rí i pé àwọn gbọ́ èdè ara wọn. Ìkíni ni àwọn ará ibẹ̀ fi dá wọn mọ̀: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu. Nítorí náà ni wọ́n fi sọ gbogbo wọn ní Akú. Ẹni tó ń sá fún Ìjẹ̀bú nílé wá rí i pé ará ilé òun ni Ìjẹ̀bú ní ilẹ̀ àjèjì.

Àjàyí yìí ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1843, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe jáde, Yorùbá sì ni orúkọ tí wọ́n pe èdè náà, orúkọ tó jẹ́ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń fi í pè tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ Bíbélì àti àwọn ìwé mìíràn ní èdè náà ni orúkọ náà ń tàn ká, títí ó fi kan gbogbo wa. Ohun tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n rí nílé ni wọ́n rí ní ilẹ̀ àjèjì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìwàásù wọ Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ìyá tó bí wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti fojú kan ara wọn mọ. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ìyá àti ọmọ di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn kò sì lè sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo àwọn Sàró tó padà wá ni ó fi ojú rere wo ilé o. Ní Èkó, àwọn kan lára wọn fi orúkọ òyìnbó ṣe ọ̀ṣọ́, wọ́n ń wọ kóòtù tó nípọn nínú oòrùn, wọ́n sì ń wo ẹni tó wọ aṣọ òkè bí ará oko. Láàárín ọdún 1880 sí 1900 ni díẹ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ni àwọn ń tàn. Oníwàásù tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent ju orúkọ náà nù ní ọdún 1894, ó di Mojọlá Agbẹ̀bí, ó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

ILẸ̀KÙN TÍ WỌ́N TÌ NÍ LONDON

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́. Wọ́n dé London ní ọdún 1922 láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Nígbà náà, ilé gbígbé nira gan-an fún aláwọ̀ dúdú ní ìlú náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí ìwé pé yàrá wà, á kan ilẹ̀kùn, onílé á yọjú, á rí àwọ̀ ara rẹ̀, á ní ẹlòmíràn ti gbà á. Ní ọdún 1924, tí wọ́n ń ṣe ìpàtẹ ńlá ti ilẹ̀ ọba ní Wembley, ìwé ìròyìn London kan gbé ọ̀rọ̀ àbùkù jáde nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà, bíi pé ajẹ̀nìyàn ni wọ́n. Ṣólàńkẹ́ fi ìbínú kọ lẹ́tà láti fèsì.

Nílé, ẹni tó wá láti Èkó kò ka ẹni tó wá láti Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, sí ará rẹ̀. Ní London, onílé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ èkíní ló ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi 20 láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU.

Ohun tí Ṣólàńkẹ́ ṣe tẹ̀lé e ni ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Kò jókòó sí London kí ó máa kọ lẹ́tà ìbínú nìkan. Láti ọdún 1929 títí di ọdún 1932, wọ́n padà wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń bá ọba, oníṣòwò àti àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀, wọ́n ń tọrọ owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ní ilé tiwọn. Àwọn ará ilé dá owó. Ní ọdún 1933, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣí ní Camden, ní London, nínú ìlú kan náà tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ọgbọ́n yìí náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lò lẹ́yìn wọn. Wọ́n dé London ní ọdún 1944 láti kọ́ òfin. Ọdún náà gan-an ni ilé aṣòfin ìlú ọba ṣe òfin ẹ̀kọ́ tó sọ ilé-ìwé gíga ti ìjọba di ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Ní ọdún 1945, níbẹ̀ náà, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀. Wọn kò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ sí London. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1948. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí wà lára àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì lọ́dún náà.

OHUN TÍ ÌYÁ ỌLỌ́JÀ FI HAN ÌYÁ ONÍWÈÉ

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà tí ìtàn rẹ̀ lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù, Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí ní ọdún 1900, inú ìdílé àwọn tó ti Sàró padà wá. Frances Abigail ni orúkọ tó ṣáájú Fúnmiláyọ̀ nígbà tí wọ́n sàmì fún wọn. Ní ọdún 1919, wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Cheshire, ní ìlú ọba. Nígbà tí wọ́n fi padà dé ní ọdún 1922, wọ́n ti pa Frances àti Abigail tì. Fúnmiláyọ̀ ni wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa pe àwọn. Àárín òyìnbó ni wọ́n ti mọ iyì orúkọ tí baba wọn sọ wọ́n.

Síbẹ̀, orúkọ yàtọ̀ sí ojú. Bí wọ́n ṣe dé, olùkọ́ ni wọ́n, ìyàwó olùkọ́ àgbà ni wọ́n sì padà dà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1932, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni. Iṣẹ́ ọwọ́, ìwà ọmọlúàbí, bí a ṣe ń gbàlejò, ìyẹn ni wọ́n ń kọ́ ara wọn. Wọ́n ti rí ìlú ọba, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí ọjà Abẹ́òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn.

Ìyá ọlọ́jà ni ó là wọ́n lójú. Láàárín ọdún 1940 sí 1945, obìnrin ọjà kan tí kò mọ̀wé wá bá wọn pé òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Wọ́n gbà á, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní A, B, D ni àwọn ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ inú wọn, pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì àwọn láìsan owó rẹ̀, pé wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin lọ́tọ̀, títí kan ọmọbìnrin tí kò ju ọmọ ọdún 15 lọ. Ìyáàfin tó kàwé ní Cheshire kò mọ ìdajì nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bọ́ kaba òyìnbó sílẹ̀, tí wọ́n wọ ìró àti bùbá bí àwọn ìyá ọlọ́jà, tí wọ́n sì ń sọ Yorùbá ní gbangba, kódà bí òyìnbó bá wà níjókòó, kí ẹni tí kò gbọ́ wá ògbufọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sí iwájú ààfin. Ní ọdún 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin náà dúró, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó padà dé ní ọdún 1950.

Lọ́dún 1947 yẹn náà, Màmá bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ NCNC lọ sí London, àwọn nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker níbẹ̀, pé ìṣèjọba òyìnbó ni ó sọ àwọn obìnrin wa di ẹdun arinlẹ̀, pé wọ́n ní agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Ìlú kan náà tí wọ́n lọ ní ọdún 1919 láti kọ́ ìwà òyìnbó ni wọ́n padà lọ láti sọ fún òyìnbó bí ilé ṣe rí. Ohun tó wà láàárín ìrìn-àjò méjèèjì ni ọjà.

Ọmọ wọn, Fẹlá, gba ọ̀nà tirẹ̀. Ó kọ́ orin ní London láti ọdún 1958, ṣùgbọ́n ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1969 kí ojú rẹ̀ tó là. Ní Los Angeles, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Sandra Smith, bá a sọ̀rọ̀ ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì fún un ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X kà. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé Amẹ́ríkà ni òun ti mọ̀ pé ọmọ Áfríkà ni òun. Ó padà dé ní ọdún 1970, orin rẹ̀ yí padà, nígbà tó sì yá, ó yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Ìyá ju orúkọ òyìnbó nù lẹ́yìn Cheshire, ọmọ ju tirẹ̀ nù lẹ́yìn Los Angeles.

ÀWÒRÁN TÍ KÒ YÍ PADÀ

Bí a bá to àwọn èèyàn wọ̀nyí jọ, ohun kan ló pa wọ́n pọ̀. Òkè òkun fún wọn ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn ilé. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n nìkan kò tó. Ẹni tí ìran rẹ̀ ṣe ilé ní àǹfààní ni ẹni tó padà wá jókòó ti àwọn ará ilé, tó sì gbà kí wọ́n sọ ohun tí òun kò mọ̀ fún òun. Ṣólàńkẹ́ rìn ká. Awólọ́wọ̀ gbé ẹgbẹ́ wálé. Màmá jókòó ti ọlọ́jà.

Ìṣòro ẹni tó wà lókèèrè ni pé ìlú tó fi sílẹ̀ kì í yí padà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tó lọ ní ọdún 1996, lábẹ́ ìjọba ológun Abacha, lè máa gbé Nàìjíríà ọdún 1996 kiri títí dòní, kí ó máa ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Ẹni tí ilé dùn mọ́ náà kò ṣàì ní àṣìṣe tirẹ̀. Ẹni tó lọ ní ọdún 2010 lọ nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 150 náírà. Ní ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣì ń fi owó ọdún 2010 ṣírò ohun tí ìyá rẹ̀ yóò jẹ lóṣù, á rò pé òun ń tọ́jú ìyá, ebi á sì máa pa ìyá.

Àwa tí a wà nílé náà ní àwòrán tiwa. Nínú fọ́tò tí ọmọ fi ránṣẹ́, a rí ọkọ̀ àti kóòtù òtútù. A kò rí i pé òru ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ó ń wẹ̀ fún àwọn tí ọmọ tiwọn kì í wá kí. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ronú nípa ìyá àti bàbá wọn. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, ìlú ọba kò gbà mọ́ kí ẹni tó bá wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ rẹ̀ dání, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun láti òkèèrè. Ọmọ tó ń sọ pé ara òun le lórí fóònù lè má rí ọmọ tirẹ̀ fún ọdún méjì.

Ohun mìíràn tún wà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Báńkì Àgbáyé, owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókèèrè fi ránṣẹ́ sílé ní ọdún 2023 tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là. Lọ́dún náà gan-an ni a dìbò yan Ààrẹ, kò sì sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti dìbò láti òkèèrè. Owó wọn ń wọlé, ohùn wọn kò wọlé. Ẹni tí kò ní ibi tí yóò ti sọ̀rọ̀ nílé kò ní ṣàì sọ ọ́ níta.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá dé, tí ó ń ráhùn iná, tí ó ń bínú nítorí ìpàdé tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe yára sọ pé òyìnbó ti yí i lórí. Ó ti dé oko baba ẹlòmíràn, ó sì rí ibi tí tiwa kù sí. Ẹ bi í pé, kí ni a lè ṣe sí i? Bí kò bá ní èsì, ẹ mú un lọ sí ọjà, ẹ mú un lọ sí oko, ẹ jẹ́ kí ó bá àwọn tó ń gbé inú ìṣòro náà sọ̀rọ̀, kí ó má baà dà bí àlejò tó lójú tí kò fi ríran. Bí ó bá sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn sọ̀rọ̀. Èdè nìkan ni ojú tí wọ́n lè fi rí wa bí a ṣe rí.

Ọmọ náà ńkọ́? Kí òun náà rántí pé sísọ òótọ́ nípa ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó tún ilẹ̀ yìí ṣe kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bò. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún júwe rẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé wá láti tún un ṣe. Àjò kò dùn kí onílé má relé.